Oṣù Mọ́kànlá Ṣáájú Ìrìn-àjò Èkó

Ní ọdún 1955, ọdún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, Oyèbọ̀dé, tíṣà kan ní Ìwárò Ọ̀ka, pinnu pé òun àti ìyàwó òun yóò lọ lo ìsinmi Kérésìmesì ní Èkó. Oṣù Kíní ni ó ṣe ìpinnu náà. Ìsinmi tí ó ń sọ ṣì ku oṣù mọ́kànlá.

Àwòrán kan ló fà á. Florence, ìyàwó rẹ̀, máa ń ránṣọ. Ó lọ gba aṣọ lọ́wọ́ ìyàwó àlùfáà kan ní Ìkàrẹ́, ó sì rí ìwé ìròyìn kan lórí tábìlì. Àwòrán ọgbà ìṣeré kan wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó kan máa ń gbé kalẹ̀ ní Èkó láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di ọdún tuntun. Àwọn ẹṣin tí wọ́n fi igi gbẹ́, tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun, wà lábẹ́ òrùlé roboto kan. Ẹ̀rọ ló ń yí wọn. Ènìyàn á jókòó lé ẹṣin náà lẹ́yìn, yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀ kalẹ̀, yóò sì máa yí po. Àwọn àgbàlagbà wà lórí ẹṣin nínú àwòrán náà, ìyẹn sì ni Florence kíyè sí jù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, kò sì tíì pé ọdún méjì tí ó délé ọkọ. Nígbà tí ó padà dé Ọ̀ka, ó ròyìn ohun tí ó rí fún ọkọ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ pé òjò rọ̀ ní Ìkàrẹ́.

"Ṣé ó wù ọ́ láti gùn ún?" ni Oyèbọ̀dé bi í.

"Ó wù mí."

"A ó lọ."

Oyèbọ̀dé kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó má mú un ṣẹ. Àmọ́ kò sí nǹkan tí ó ń ṣe láìmúra sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ìwé ìkọ̀wé tuntun kan, ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó sì kọ orúkọ oṣù kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oṣù Kejì ni yóò kọ̀wé sí ẹni tí wọn yóò dé sí ilé rẹ̀. Oṣù Karùn-ún ni yóò bá onímọ́tò sọ̀rọ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni yóò kọ̀wé sí mánéjà ilé-ìwé. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí Florence létí. Florence ní ó dára.

Ẹni tí ó kọ̀wé sí ni Lábọ̀dé, tí ó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, tí ó sì ń gbé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà. Ìyátúndé, ìyá Lábọ̀dé, ni àbúrò bàbá Oyèbọ̀dé, Òkè Ọ̀ka ló sì ń gbé. Èsì dé ní oṣù Kẹta. Lábọ̀dé ní inú òun dùn, àyè wà, kí wọ́n máa bọ̀. Ó ní níwọ̀n bí àsìkò ìmúra ti wà dáadáa, kí wọ́n jọ̀wọ́ mú ìyá òun lọ́wọ́ bọ̀, nítorí kò tíì mọ ilé òun rí.

Florence ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹsẹ̀ ń dun Màmá. Wọn ò lè rìn dé ojú títì."

"Ó ṣì ku oṣù mẹ́sàn-án," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹsẹ̀ náà á ti san."

Ìyátúndé kò lè pa irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Kí Àjíǹde tó dé, kò sí ilé tí wọn kò ti gbọ́ lórí òkè náà. Fákúnlé, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá ti Oyèbọ̀dé pààlà, wá kí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó jókòó, ó mu omi, ó béèrè àlàáfíà ilé kí ó tó dé orí ohun tó gbé e wá.

"Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ ń lọ Èkó."

"Oṣù Kejìlá ni, bàbá."

"Ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀. Iṣu tuntun á ti jáde. N ó di díẹ̀ fún yín kí ẹ bá mi fún Abíọ́nà ọmọ mi, pẹ̀lú garawa epo kan."

Oyèbọ̀dé wá àwáwí, kò rí. Ẹni tó ń rìnrìn-àjò lọ́la lè sọ pé ẹrù òun ti kún. Ẹni tó ń lọ ní oṣù mẹ́jọ òní, ẹrù wo ló ti dì? Ó ní kò burú. Lẹ́yìn Fákúnlé, ìyá kan gbé adìyẹ méjì tí kò tíì tóbi wá fi hàn wọ́n, ó ní wọn yóò ti dàgbà kí oṣù náà tó pé.

Ní oṣù Karùn-ún, Oyèbọ̀dé gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ láti rí Badmus, ẹni tí bọ́lẹ̀kájà rẹ̀ ń ná Èkó. Ó fẹ́ kí ó fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ fún òun àti ìyàwó òun. Badmus rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá mọ́tò yìí á ṣì máa rìn ní oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n ìjókòó iwájú ti di tiyín."

Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá, Badmus fúnra rẹ̀ ló wá sí Ọ̀ka. Mọ́júbọ́lá, àbúrò Memunat ìyàwó rẹ̀, ń lọ ilé ọkọ ní Èkó. Ẹbí ń wá ẹni iyì tí yóò sìn ín dé ọ̀dọ̀ ọkọ. "Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ẹ ń lọ," ni Badmus wí. "Ẹ̀yin ni a fi ọkàn sí." Oyèbọ̀dé wo ìyàwó rẹ̀. Florence ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, kò gbójú sókè.

Bí wọ́n ṣe kúrò ní Ìkàrẹ́ lọ́sẹ̀ Kérésìmesì nìyẹn. Ìyátúndé àti ìyàwó tuntun jókòó níwájú. Tíṣà àti Florence wà lẹ́yìn, láàárín iṣu, garawa epo mẹ́ta, adìyẹ, àti àpótí ìyàwó. Wọ́n sùn ní Ìbàdàn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ Èkó, epo sì ti ta sí aṣọ tuntun tí Florence rán fún ìrìn-àjò náà.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ní. Wọ́n fi odindi ọjọ́ kan mú ìyàwó lọ sí Mùṣín, nítorí àwọn ẹbí ọkọ kò jẹ́ kí wọ́n tètè dìde nídìí oúnjẹ. Abíọ́nà ọmọ Fákúnlé ti kó kúrò ní ilé tí bàbá rẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi wá a, wọ́n sì rí i níbi tí ó ti ń já igi gẹdú kúrò nínú ọkọ̀ ní etí ọ̀sà. Inú run Ìyátúndé fún ọjọ́ méjì, Florence ló sì jókòó tì í. Ó di ọ̀sán ọjọ́ ìkẹyìn kí wọ́n tó dé ọgbà ìṣeré náà.

Èrò ti tò lọ rẹpẹtẹ. Oòrùn mú. Florence dúró lórí ìlà, ó ń wo àwọn ẹṣin náà. Wọ́n tóbi ju bí ó ṣe rò lọ, ojú wọn sì funfun báláú. Orin kan ń dún láti inú ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ó ku bí ènìyàn mẹ́wàá kí ó kàn wọ́n, Oyèbọ̀dé wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mọ́tò Badmus ń lọ ní aago mẹ́fà, Ìyátúndé ṣì wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, kò sì lè yára rìn.

"Florence," ni ó wí.

"Mo mọ̀," ni Florence dá a lóhùn, ó sì jáde kúrò lórí ìlà.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dé Ọ̀wọ̀ lójú ọ̀nà ilé. Níbẹ̀ ni mọ́tò dúró kí ẹ̀rọ rẹ̀ tutù, àwọn méjèèjì sì sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀.

"Àṣìṣe mi ni pé mi ò tètè bẹ̀rẹ̀," ni Oyèbọ̀dé wí. "Tí ó bá di èyí tó ń bọ̀, ọdún kan àbọ̀ ni n ó fi múra."

"Rárá," ni Florence wí.

Kò tíì sọ rárá fún un bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé. Ó ní kì í ṣe pé wọn kò múra tó, àwọn ènìyàn mìíràn ló ráyè múra sí ìrìn-àjò náà jù wọ́n lọ. "Tí a bá tún máa lọ, ẹ jẹ́ kó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a tó sọ ọ́."

"Ọjọ́ mẹ́ta kò lè tó. Lẹ́tà tí a bá kọ sí mánéjà kò ní tíì dé ọwọ́ rẹ̀."

"Ó dára, kí ó jẹ́ ọjà Ìkàrẹ́ mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Títí kan Màmá."

Oyèbọ̀dé ronú sí i. Ó gbà, àmọ́ kò dùn mọ́ ọn nínú.

Gbogbo ọdún 1956 ni ó fi pa àdéhùn yẹn mọ́. Ó nira fún un. Ìgbà mìíràn yóò mú ìwé ìkọ̀wé, yóò fa ìlà kan, yóò tún tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ni ó tó kọ lẹ́tà méjì, ọ̀kan sí mánéjà, ọ̀kan sí Lábọ̀dé. Mánéjà fọwọ́ sí i. Lábọ̀dé kò fèsì. Nígbà tí ọjà kẹta pé, wọ́n gbé àpótí kan ṣoṣo, wọ́n sì jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwọn tó rí wọn lọ́nà rò pé ọjà ni wọ́n ń lọ. Ìgbà tí Badmus rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀ ni ó tó mọ̀, kò sì sí ìjókòó níwájú mọ́.

Ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, wọ́n rí i pé ilé-iṣẹ́ ti rán Lábọ̀dé lọ sí Òkè Ọya, lẹ́tà wọn kò sì bá a nílé. Àwọn àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti gba yàrá. Ìyàwó Lábọ̀dé tẹ́ ẹní fún wọn ní pálọ̀, ó ń tọrọ àforíjì ní gbogbo ìgbà. Oyèbọ̀dé sùn sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọn, kò sì sọ pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wà ní ẹnu ọ̀nà ọgbà náà kí wọ́n tó ṣí i. Èrò kò pọ̀. Ìlà náà yá, ó sì kàn wọ́n.

"Ẹ gùn ún," ni Florence wí. "Èmi á dúró síbí."

Oyèbọ̀dé rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Nítorí rẹ la ṣe wá."

"Ẹ gùn ún, ẹ jọ̀ọ́. N ó máa wò yín."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

"Ẹ̀rù ò bà mí."

Ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní kí wọ́n má dí ọ̀nà. Oyèbọ̀dé ṣí fìlà rẹ̀, ó fi fún ìyàwó rẹ̀ mú dání, ó sì gun ẹṣin funfun kan tí etí rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ti ẹṣin náà lọ. Ẹ̀rọ náà gbéra. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó rí Florence lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Ó yí lẹ́ẹ̀kejì, Florence ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó yí lẹ́ẹ̀kẹta, òun náà ti ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín gan-an.

Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, òòyì ń kọ́ ọ. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi kan.

"Mo ti lóyún," ni Florence wí. "Oṣù kẹta rèé."

Oyèbọ̀dé yíjú sí i. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Kí ẹ tó kọ̀wé sí mánéjà."

"O mọ̀, o sì jẹ́ ká jókòó sínú mọ́tò fún ọjọ́ méjì?"

"Tí mo bá sọ, ẹ ò ní jẹ́ ká wá. Mo ní n kò ní gùn ún, ṣùgbọ́n mo fẹ́ wà níbẹ̀."

Ó fẹ́ bínú, ìbínú náà kò wá. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú níta gbangba, ohun tí kò ní ṣe ní Ọ̀ka láé. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi dé orí bẹ́ǹṣì náà.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Florence bi í bí ó ṣe rí lórí ẹṣin. Tíṣà tí kò sí ohun tí kò lè ṣàlàyé ronú títí.

"Ó kàn ń yí ni," ni ó wí níkẹyìn. "Ibi tí mo ti gùn ún náà ni mo ti sọ̀."

"Ó sì dùn?"

"Ó dùn gan-an."

Inú bí Ìyátúndé nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n ti lọ Èkó, wọ́n ti bọ̀, láìsọ fún òun. Kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ̀rọ̀ ní gbogbo oṣù Kíní. Ní oṣù Kejì, nígbà tí ikùn Florence ti hàn, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó ń sinmi lọ́nà, títí ó fi dé Ìwárò. Ó jókòó sí pálọ̀ wọn láìkí ẹnikẹ́ni. Florence bu omi fún un, ó kúnlẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ìyátúndé mu omi náà tán.

"Ṣé o ń jẹun dáadáa?" ni ó bi í.