Ariwo Kékeré Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Ọ̀gá

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe awakọ̀ náà nílé iṣẹ́ ọṣẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀: "Jẹ́jẹ́ o! Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ o!" Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù náà kò sì dákẹ́ rí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń gbọ̀n, pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ń lu ara wọn, jíà rẹ̀ ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Bí Jẹ́jẹ́ bá fẹ́ bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀, àfi kó pariwo. Àṣà náà bá a délé, débi pé ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fún un nídìí oúnjẹ pé, "Baálé mi, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà o, mi ò sí lódìkejì odò."

Nígbà tí awakọ̀ ọ̀gá àgbà fẹ̀yìn tì, ọ̀gá náà yẹ ìwé gbogbo àwọn awakọ̀ wò, ó rí i pé Jẹ́jẹ́ nìkan ni kò fi ọkọ̀ gbá nǹkan kan rí, ó sì ránṣẹ́ pè é. Obìnrin tí kì í fi nǹkan ṣòfò ni ọ̀gá yìí. Ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n ti lo ojú kan rẹ̀ ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, bó bá sì ti ń jáde nínú yàrá, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa iná. Ìdí nìyẹn tẹ́nu fi ya gbogbo òṣìṣẹ́ nígbà tó ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì tuntun.

"Wákàtí méjì ni mò ń lò lójú ọ̀nà lójúmọ́," ló sọ fún Jẹ́jẹ́ nígbà tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. "Ibẹ̀ ni mo ti ń ronú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo rà."

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Jẹ́jẹ́ jókòó, ó ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà kò dún gbàgà. Pẹ́ ló dún, bí ìgbà téèyàn pa ìwé ńlá dé. Ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ọkọ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, òógùn sì bò ó níwájú orí.

"Jẹ́jẹ́," ni ọ̀gá wí láti ẹ̀yìn, "o ti tan án, o ti pa á, o tún ti tan án. Ṣé ká wá máa lọ?"

Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ̀ náà bí ọmọ iléèwé ṣe ń kọ́ ìṣirò. Ó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé gíláàsì fèrèsé rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Rọ́bà tó yí etí ilẹ̀kùn ká jẹ́ ìpele mẹ́ta. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ní tìmùtìmù, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ní tìmùtìmù. Ó ní, "Ọkọ̀ lásán á gbé ẹ débi tí ò ń lọ. Èyí náà á gbé ẹ débẹ̀. Àmọ́ kò ní jẹ́ kó o mọ̀ pé o kúrò nílé."

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ nílé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ti ń lọṣọ, ó sì gbọ́ pé obìnrin náà ń fi ohùn kékeré kọrin. Ó bi í léèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Orin wo? Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi ni," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́."

Alágbàfọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Òun ló ń fọ aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ, òun náà ló sì ń fọ aṣọ iṣẹ́ Jẹ́jẹ́, ẹ̀wù aláwọ̀ eérú tó ní bọ́tìnnì mẹ́fà. Èrò Jẹ́jẹ́ ni pé ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ rí jákujàku.

"Fi sítáàṣì sí i dáadáa," ló wí.

"Mo ti fi sí i."

"Sọ ọ́ di ìlọ́po méjì."

"Baálé mi, ṣé ẹ̀wù lẹ fẹ́ wọ̀ ni àbí pátákó?"

Ṣùgbọ́n ó ṣe é bó ṣe fẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ̀wù náà dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láìsí ẹni tó dì í mú. Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìdúró o, baálé mi kejì."

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yà sápá òsì lẹ́bàá ilé ìwòsàn. Jẹ́jẹ́ yíwọ́.

Kẹ́ṣẹ́.

"Kí nìyẹn?" ni ọ̀gá béèrè.

Jẹ́jẹ́ mú ara dúró gbagidi, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n tún dé ìyànà kejì: kẹ́ṣẹ́. Òun náà gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti dúró jẹ́ẹ́ láti mọ ibi tó ti ń wá, ṣe ló máa ń dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé iṣẹ́, ọ̀gá ti kà á dé mọ́kànlélógún.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Mi ò lè sanwó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kí n máa gbọ́ kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́. Ìfowóṣòfò nìyẹn. Bí ariwo yìí ò bá kúrò kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, màá dá ọkọ̀ yìí padà fún àwọn tó tà á. Èyí tó ti gbó nílé á tó mi, màá sì máa wà á fúnra mi."

"Èmi ńkọ́, mà?"

"Ọkọ̀ akẹ́rù ò tíì lọ síbì kankan."

Jẹ́jẹ́ dúró sójú kan. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ orin ìyàwó rẹ̀, kò sì fẹ́ padà síbi tí kò ti ní gbọ́ ọ mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun jáde wá, wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, wọ́n tú inú ilẹ̀kùn méjèèjì palẹ̀, wọ́n yọ ìjókòó iwájú, wọ́n tún un tò padà. Fúnra wọn ni wọ́n wà á yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀marùn-ún, Jẹ́jẹ́ sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní yàrá ìdúró.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkọ̀ yìí," ni àgbà wọn wí. Ó fọwọ́ sí ìwé.

Jẹ́jẹ́ dúpẹ́, ó wọlé, ó sì yíwọ́ gba ẹnu géètì jáde. Kẹ́ṣẹ́.

Ní Ọjọ́rú, ó tọ Bàbá Sípánà lọ. Bàbá yìí ló ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ náà ṣe láti ìgbà tó ti dé, ó ní ahéré onípáànù lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, ó sì gbàgbọ́ pé etí òun ju kọ̀ǹpútà lọ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ́ńjìnì dà?"

"Abẹ́ ìdérí yẹn ló wà, ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n da aṣọ bo ẹ́ńjìnì bí ìyàwó tuntun! Òun ló jẹ́ kí wọ́n tà á lówó gọbọi. Ó dáa, jẹ́ ká gbé e jáde."

Gírísì ti wà lára gbogbo nǹkan tó wà nínú ahéré náà. Jẹ́jẹ́ kò jẹ́ fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó gbé e kọ́ síbi ìṣó tó jìnnà, ó sì wọnú ọkọ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó wà á, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì. Bàbá Sípánà fi etí lé dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fi etí lé ilẹ̀kùn, nígbà tó yá ó ti orí bọ abẹ́ ìjókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wà lójú fèrèsé. Ìyà tó jẹ orí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò kéré. Wọ́n rìn fún odindi wákàtí kan. Kò sí kẹ́ṣẹ́ kankan.

"Gbọ́ mi," ni Bàbá Sípánà wí nígbà tó fa orí yọ. "Nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ, gbogbo nǹkan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ò gbọ́ ẹnì kejì. Inú èyí dákẹ́ bí yàrá ìdánwò. Bí ẹnì kan bá yún ara, gbogbo wọn á gbọ́. Àmọ́ ẹni tó ń yún ara yẹn ti jáwọ́. Mo ti wò ó sàn."

"Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo bá a wí."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ padà, ó sì gba ojú ọ̀nà tó tẹ́jú lọ tààrà sí ọgbà ọkọ̀. Ó sùn dáadáa. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n dé ìyànà ilé ìwòsàn. Kẹ́ṣẹ́. Ọ̀gá kò gbójú kúrò lórí ìwé tó ń kà.

"Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì," ló sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Jẹ́jẹ́ gbé ẹ̀wù rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. "Bó bá jẹ́ pé ọ̀la ni màá fa ọkọ̀ yẹn lé wọn lọ́wọ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi bí ẹni tí nǹkan bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fi sítáàṣì sí i ní ìlọ́po mẹ́ta."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó lójú, kò sì yọ ọ́ lẹ́nu. Ó po sítáàṣì náà.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ṣe mọ́, Jẹ́jẹ́ fi ọgbọ́n ti ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ẹ̀wù náà, ó lọ gbé ọ̀gá kí wọ́n lè lọ dá ọkọ̀ náà padà. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n rí obìnrin kan tó ru ẹrù aṣọ ńlá létí títì.

"Ṣé ìyàwó rẹ kọ́ nìyẹn?" ni ọ̀gá béèrè.

"Òun ni, mà. Aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ló ń kó lọ sílé iṣẹ́."

"A máa gba iwájú ibẹ̀ kọjá. Kí ló dé tí ìjókòó á wà lófìfo tí èèyàn á máa fi orí ru ẹrù? Dúró."

Alágbàfọ̀ kí ọ̀gá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n dé ìyànà ilé ìwòsàn.

Kẹ̀ẹ́ẹ́ṣẹ́!

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ni ọ̀gá wí fún Alágbàfọ̀. "Ohun tí mò ń dá ọkọ̀ tuntun padà fún nìyẹn."

Jẹ́jẹ́ wo ìyàwó rẹ̀ nínú dígí. Ó mọ ojú tó ń ṣe yẹn. Ojú tó máa ń ṣe nìyẹn bó bá rí àbàwọ́n tí ẹnì kankan kò tíì rí. Ó wo ẹrù orí ẹsẹ̀ rẹ̀, aṣọ ilé iṣẹ́ tó jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Iná pupa dá wọn dúró. Inú ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Baálé mi," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká apá ọ̀tún yín."

Ó ká a. Kẹ́ṣẹ́.

"Ẹ nà án."

Kẹ́ṣẹ́.

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú. "Jẹ́jẹ́, tún un ṣe."

Kẹ́ṣẹ́, kẹ́ṣẹ́.

"Ẹ má bínú, mà," ni Alágbàfọ̀ wí. "Mọ́tò yín ò ṣe nǹkan kan. Àárọ̀ àárọ̀ ni mò ń gbọ́ ohùn yẹn tí mo bá ń la apá ẹ̀wù yìí. Sítáàṣì ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

"Èmi ni mo ní kó fi sí i, mà," ni Jẹ́jẹ́ yára sọ. "Ẹ má bá a wí. Ó kọ̀, mo fi dandan lé e. Ti òní, ìlọ́po mẹ́ta ni."

Iná ti di àwọ̀ ewé. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn fun fèrè. Ọ̀gá ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì bọ́ ẹ̀wù náà. Jẹ́jẹ́ bọ́ ọ. Ó gbìyànjú láti ká a, kò ká. Wọ́n gbé e sáàárín ọ̀gá àti Alágbàfọ̀, ó sì dúró ṣánṣán, apá rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ bí èrò tó fẹ́ bá wọn jiyàn. Pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, tójú ń tì í bí ẹni tó jáde nílé ìwẹ̀ tó bá àlejò, Jẹ́jẹ́ yí oríta ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kẹta.

Wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tí wọ́n wá gbọ́ ni ẹ̀rín. Ó kọ́kọ́ rọra jáde ní imú ọ̀gá, lẹ́yìn náà ó bú jáde. "Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tú ilẹ̀kùn mi palẹ̀!" ló ń wí. "Kọ̀ǹpútà! Ìbọ̀wọ́ funfun! Nítorí aṣọ!" Ó fi ìka nu ojú. "Jẹ́jẹ́, máa gbé wa lọ sílé iṣẹ́. A ò lọ sọ́dọ̀ wọn mọ́. Láti ọjọ́ Ajé, aṣọ rírọ̀ ni wàá máa wọ̀ wa ọkọ̀ yìí."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Ìwọ náà," ló kọjú sí Alágbàfọ̀, "sítáàṣì tó ṣẹ́ kù, má dà á nù o. Fi sí aṣọ tábìlì ọ́fíìsì mi. Àwọn yẹn kì í yíwọ́."

Jẹ́jẹ́ wà á lọ jẹ́jẹ́. Kò tíì pẹ́ tó fi gbọ́ nǹkan láti ẹ̀yìn. Ó tẹ́tí. Orin ni, pẹ̀lú ohùn kékeré, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró de ohun tí ọ̀gá máa sọ. Ọ̀gá gbé orí lé ìjókòó, ó di ojú.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́, aṣọ́nà sáré jáde. Ó rí awakọ̀ tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó sì wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí èèyàn pàtàkì kan tó jókòó sáàárín, tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ eérú, tó sì la apá méjèèjì. Gíláàsì náà dúdú díẹ̀, kò rí orí rẹ̀. Ó na ara ró, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí.

"Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ káàbọ̀ sà!"

Ọ̀gá sọ gíláàsì kalẹ̀. "Sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀," ló wí. "Kò ní dá ẹ lóhùn. A ti sọ fún un pé kó dákẹ́."