Páàdì Kìíní, Ti Tọ́pẹ́ Ni

2.

…èyí tó dúdú, tí kò ní iná kankan lára. Òun ni kí o rà. Má ra èyí tó ń tàn.

Ibẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé sórí fóònù Ọdúnayọ̀ parí sí. Ó kà á nínú ìsọ̀ Muhydeen, ní Ìkàrẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ọba. Ó gbójú sókè. Gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ló ń tàn, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run, bí ẹni pé wọ́n ń lọ sóde ìyàwó.

Kò sí dúdú kankan níbẹ̀.


3.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí èjì. Ẹ má bi mí léèrè ìkíní. Ẹni tó ni ín kò tíì dé.


4.

ÀWỌN TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN

Ọdúnayọ̀: tíṣà ní Ọ̀kà. Ó ti ń gbá géèmù láti ìgbà PS àkọ́kọ́, tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá. Kò ra kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀.

Babátọ́pẹ́: ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bíríkìlà. Ó gba inú aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà.

Florence: ìyá wọn. Màámi.

Muhydeen: ó ń ta kọ̀ǹpútà géèmù, èyí tí wọ́n ti tò pọ̀ tán.

Bàbá Zachariah: àbúrò bàbá wọn, alàgbà ìjọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí inú máa bí yín sí i.


5.

ÌKÉDE (lára pátákó ìjọ)

Ìsìn ìrántí fún olóògbé Arákùnrin Babátọ́pẹ́, àkọ́bí Màmá Florence, yóò wáyé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Kí gbogbo ẹbí wọ funfun. Alàgbà Zachariah, fún ìdílé.

Wọ́n fi bírò fa ìlà gbàgàdà sórí «olóògbé». Gbogbo ìjọ ló mọ ẹni tó ni bírò náà. Màámi kò sì sẹ́.


6.

Àgádẹ́sì, ìlú tó wà létí aṣálẹ̀, ni Tọ́pẹ́ ti pè gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Wọ́n dúró títí, títí. Wọ́n gbààwẹ̀. Wọ́n pe gbogbo ẹni tí wọ́n jọ lọ. Ó dákẹ́ síbẹ̀.

Ìkéde jáde lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láti orí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

NỌ́ŃBÀ NÁÀ: Ọdún. Èmi ni. Tọ́pẹ́.

ỌDÚNAYỌ̀: Bọ̀ọ̀dá mi? Ẹ pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè kí Màámi gbóhùn yín.

NỌ́ŃBÀ NÁÀ: Wọn kì í jẹ́ ká pè níbí.

ỌDÚNAYỌ̀: Àwọn wo?

NỌ́ŃBÀ NÁÀ: Kọ̀ǹpútà ni mo máa ń jókòó tì látàárọ̀ dalẹ́. Ra kọ̀ǹpútà, ká jọ gbá bọ́ọ̀lù bíi tàtijọ́. PS tó wà nílé ò lè dé ọ̀dọ̀ mi.

ỌDÚNAYỌ̀: Bọ̀ọ̀dá mi, àwọn wo ni kì í jẹ́ kí ẹ pè?

Àmì fóònù fi hàn pé ó ti kà á. 


7.

(Pálọ̀ Màámi, ní Ọ̀kà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́.)

BÀBÁ ZACHARIAH: Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ìyàwó wa. A lẹ ìkéde lánàá, òkú tají lónìí? Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Ẹ jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́.

MÀÁMI: Ẹnikẹ́ni lè tẹ ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè gbá géèmù bí ọmọ mi. Ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n gbá a. Ọdúnayọ̀ máa dá a mọ̀. Tó bá ní òun kọ́, màá wọ funfun yín.

BÀBÁ ZACHARIAH: Kó jẹ́ kí Sátidé yẹn tó kọjá. O gbọ́, Ọdúnayọ̀?

ỌDÚNAYỌ̀: Mo gbọ́, sà.

Bí wọ́n ṣe gbé ikú àti ìyè ẹ̀gbọ́n lé àbúrò lórí nìyẹn. 


8.

Báwo ló ṣe máa dá a mọ̀?

Àmì àkọ́kọ́. Nínú ilé yẹn, páàdì méjì ni wọ́n ń dì mú gbá géèmù; páàdì kìíní, ti ẹ̀gbọ́n ni. Bí àgbà ṣe ń mú ẹran ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni. Tọ́pẹ́ kò fọwọ́ kan páàdì kejì rí. Nígbà tí bọ́tìnnì páàdì kìíní há, ó ń fi èékánná yọ ọ́, ó ń gbá a lọ. Àlejò kan wá láti Ìpè, ó ṣì í mú. Tọ́pẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní iná ti lọ.

Àmì kejì. Nínú géèmù, tí Tọ́pẹ́ bá gbé bọ́ọ̀lù dé ojú ilé rẹ, tí gólì rẹ tó ń ṣọ́lé ti ṣubú, tí ojú ilé ṣófo gbayawu, kò ní gbá a wọlé. Ó máa yí padà. Ó máa dá bọ́ọ̀lù padà látẹsẹ̀ dẹ́sẹ̀ títí dọ́dọ̀ gólì tirẹ̀, á wá rẹ́rìn-ín. Á ní: «Jẹ́ kó délé ná.»

Ó máa ń dun Ọdúnayọ̀ débi ẹkún. Ní báyìí, kò sí ohun tó wù ú gbọ́ jù ú lọ.


9.

PS kì í dààmú èèyàn. Èyí tó wà ní Ìṣùà àtèyí tó wà ní Ìkáràm, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. O ki díìsì bọ̀ ọ́, ó parí. Kọ̀ǹpútà ò rí bẹ́ẹ̀. Ojú jọra, inú ò jọra.

MUHYDEEN: Tíṣà, má jẹ́ n tàn ẹ́. Iná yìí ò gbá bọ́ọ̀lù o. Onígíláàsì yìí, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni wọ́n wọ aṣọ géèmù fún. Tó o bá gbá a fún ìgbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ.

ỌDÚNAYỌ̀: Èyí tó dúdú ńkọ́?

MUHYDEEN: Dúdú wo?

ỌDÚNAYỌ̀: Èyí tí kò níná lára.

(Muhydeen wo abẹ́ tábìlì.)

MUHYDEEN: Ta ló sọ fún ẹ?

Abẹ́ tábìlì ló wà, tí wọ́n fi àpò ìrẹsì bò. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló dé. Muhydeen tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi hàn án: káàdì àwòrán tó gùn bí ìgbọ̀nwọ́, fáànù tó tóbi, ibi tó ń gba iná tó lágbára. Inú kọ̀ǹpútà náà kún.

MUHYDEEN: Wàláí, ẹni tó yan èyí fún ẹ mọ kọ̀ǹpútà.


10.

Bíríkìlà ni Tọ́pẹ́. Kò mọ kọ̀ǹpútà.


11.

ỌDÚNAYỌ̀: Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé dúdú kan wà níbẹ̀?

NỌ́ŃBÀ NÁÀ: Fọ́tò ìsọ̀ tí o fi ránṣẹ́.

Ọdúnayọ̀ wo fọ́tò tó yà ránṣẹ́ ní kété tó wọ ìsọ̀. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú. Tábìlì, iná, ẹsẹ̀ Muhydeen, àpò ìrẹsì. Kò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, nílé, Màámi gbé fóònù sún mọ́jú, ó ní, «Igun rẹ̀ kọ́ nìyí tó yọ?» Òun nìkan ló rí igun náà.


12.

Ẹ̀rù bà á. Mi ò ní fi bò. Ó ti fẹ́ ra onígíláàsì, kó mú un lọ, kó jẹ́ pé ọwọ́ òun ni òun fi yàn án. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé Tọ́pẹ́ ló wí lóòótọ́ ńkọ́? Nínú ilé yẹn, bí ẹ̀gbọ́n bá yàn án, ó ti yàn án.

Ó ra èyí tó dúdú. Ó gbé e lé itan nínú mọ́tò, láti Ìkàrẹ́ kọjá Àkùngbá títí dé Ọ̀kà, bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ àìsàn. Màámi fi òróró àdúrà sámì àgbélébùú sí i lórí. Ìka kan ṣoṣo ló fi sí i. Ó bẹ̀rù kó má baà kán wọ inú ihò fáànù.


13.

Sátidé pé.


14.

Iná ìjọba wà látàárọ̀, kò sì ṣẹ́jú. Ní Ọ̀kà! Ìyẹn nìkan ti tó kí ó ba èèyàn lẹ́rù.

Bàbá Zachariah ti wọ funfun wá. Ó jókòó sétí ìlẹ̀kùn. Funfun ti Màámi wà lórí àga, wọ́n ká a dáadáa. Kọ̀ǹpútà dúdú náà ń rọra kùn. Ojú kọ̀ǹpútà là:

ELÉRÉ 1: 
ELÉRÉ 2: 

Ọdúnayọ̀ ká ọwọ́ gbera. Ó ń dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú tirẹ̀.

ELÉRÉ 1: 
ELÉRÉ 2: TOPE

ỌDÚNAYỌ̀ (ó tẹ̀ ẹ́): Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣì í mú. Ìkíní ni tiyín.

TOPE: Mú un. Tìẹ ni láti òní lọ.

MÀÁMI: Kí ló wí?

ỌDÚNAYỌ̀: Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná, Màámi.

Bàbá Zachariah dìde. Òun náà mọ òfin páàdì. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n.


15.

Wọ́n gbá a. Ẹni yẹn ń gbá a wúruwùru, bí ẹni tí ẹlòmíràn dúró lé lórí. Ọdúnayọ̀ ti ń dá a lẹ́bi nínú ọkàn: àjèjì, olè, ọmọ ìyà. Ó kù díẹ̀ kó parí. TOPE gba bọ́ọ̀lù. Ó já wọlé. Gólì Ọdúnayọ̀ ṣubú. Ojú ilé ṣófo gbayawu.

Ó dúró.

Ó yí padà. Ó dá bọ́ọ̀lù padà. Látẹsẹ̀ dẹ́sẹ̀. Títí dọ́dọ̀ gólì tirẹ̀.

TOPE: Jẹ́ kó délé ná.

Ọdúnayọ̀ bú sẹ́kún bí ọmọdé.

TOPE: Ọdún

TOPE: wọ́n ń

Ojú kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé TOPE ti jáde.

Tó bá jẹ́ òun ni, kí ló dé tó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀? Ẹ̀gbọ́n kì í fi páàdì kìíní lé àbúrò lọ́wọ́, àfi tó bá ń lọ síbi tí kò ti ní padà. Tí kì í bá ṣe òun, ta ló kọ́ àjèjì ní ọ̀rọ̀ ilé wọn? Ẹnu ta ni wọ́n ti gbà á? Kí ni wọ́n ṣe fún un kó tó sọ ọ́?

Agogo ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá Zachariah ṣílẹ̀kùn, kò jáde. Màámi ti ki ọwọ́ kan bọ funfun náà. Ọwọ́ kejì wà níta.

MÀÁMI: Ọdúnayọ̀, ọkọ mi. Ṣé òun ni?


1.

ỌDÚNAYỌ̀: