Ẹsẹ̀ Tí Kò Ní Àwáwí Mọ́

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tí ìrora ń ṣe lóore, ẹ wá wo Télọ̀. Tó bá jókòó sídìí máṣíìnì, tó tẹ̀ síwájú lórí aṣọ, kò sóhun tó ń ṣe é. Àmọ́ tó bá dìde rìn dé ẹnu ọ̀nà, ṣe ni iná á ràn láti ìdí rẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Dókítà ní ihò tí iṣan ń gbà kọjá nínú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti fún. Ó ń dùn ún lóòótọ́, n ò parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìrora náà wúlò. Òun àti àbúrò rẹ̀ tó ń rán bàtà ti jà lórí máṣíìnì ìyá wọn, tí Télọ̀ gbé lọ sílé rẹ̀ kí yẹ̀pẹ̀ sàréè tó gbẹ. Gbogbo ẹni tó bá ní kó lọ bẹ àbúrò rẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń nawọ́ sí. Bí kì í bá ṣe ti ẹsẹ̀ yìí ni, òun ìbá ti lọ tipẹ́.

Oògùn kò ràn án, abẹ́rẹ́ kò ràn án. Ni dókítà bá ní àwọn á ki wáyà tín-ín-rín sí i lẹ́yìn, kí iná díẹ̀díẹ̀ máa dá ìròyìn ìrora padà lọ́nà kó tó dé ọpọlọ. Kò ní mú ihò náà fẹ̀ o. Ẹnu ìrora ló máa pa mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan, bátìrì á wà níbàdí, rìmóòtù á wà lọ́wọ́. Bí ìrora bá dín dé ìdajì, wọ́n á wá fi bátìrì sábẹ́ awọ ara rẹ̀. Bí kò bá dín, wọ́n á fa wáyà yọ. Télọ̀ gbà kíá, torí ó dá a lójú pé kò lè ṣiṣẹ́.

Ó ṣiṣẹ́. Télọ̀ rìn lọ ra bọ́tìnnì, ó ń súfèé bọ̀. Nígbà tó dé ìyànà ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀, ó gbọ́ tí òòlù ń lu bàtà, ló bá ṣẹ́rí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ìrẹsì nígbà tó wọlé, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá, ẹsẹ̀ ti yá. Ó ku ẹni tó ni ín."

Télọ̀ ní oòrùn mú jù. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òjò ṣú.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ó ní kí ìyàwó òun dúró síta, ó wọlé tọ dókítà. Ẹ̀rù ń bà á. Bí wáyà yìí bá dúró, kí ni yóò máa nawọ́ sí? Ó ní ìrora náà kò dín rárá. Dókítà káàánú rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, èyí sì dun Télọ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Wọ́n fa wáyà náà yọ bí ẹni fa òwú lára aṣọ. Nígbà tó jáde síta, ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró dè é. Ọ̀pá ìtilẹ̀ tí Télọ̀ fi ń rìn tẹ́lẹ̀ ló nà sí i; ó ti mú un dání láti ilé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Télọ̀ kò tiẹ̀ rìn jìnnà. Lọ́jọ́ kejì ni àbúrò rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kò lè nàró. Ohun tó bá ojú ti bá imú.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò wá jà. Ẹsẹ̀ ni. Mo lè wa kẹ̀kẹ́, mi ò lè rìn. Wọ́n ní kí n ki wáyà sẹ́yìn, mo sì gbọ́ pé wọ́n ti yọ tiyín. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe. Ṣé ó ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

Ìyàwó Télọ̀ dẹ́kun ìrẹsì ṣíṣà. Láti sọ pé kò ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Télọ̀ ti fi kọ́ra lọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n níwájú rẹ̀ yìí, òun ló pọ̀n ọ́n nígbà tó ṣì kéré.

"Ó ṣiṣẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́?"

"Torí pé bí ẹsẹ̀ bá ti yá, ọ̀dọ̀ rẹ ló yẹ kí n fi rìn wá."

Àbúrò rẹ̀ yí orí kẹ̀kẹ́ padà. Ó ní kí Télọ̀ dìde, kí àwọn jọ lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣàlàyé fún dókítà. Wọ́n jáde, ọ̀kan di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, èkejì di ìjókòó rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì tẹ̀ síwájú bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Ìgbàkígbà tí Télọ̀ bá dúró pé ẹsẹ̀ ń dun òun, àbúrò rẹ̀ á dúró dè é, torí tirẹ̀ náà ń dùn ún.