Ìdí Òkúta Kò Hàn Nínú Fọ́tò

Nobuhiko ló gbé kámẹ́rà kékeré kan, tó lè wọ àpò ẹ̀wù, lé Yasukichi lọ́wọ́. Ó ní kó ya gbogbo òkúta àti igi inú ọgbà, kó má fi ẹyọ kan sílẹ̀. Bàbá Nobuhiko ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, Yasukichi sì rò pé ọmọ fẹ́ fi ṣe ìrántí. Ọdún méjìdínlógójì ni Yasukichi ti ń tọ́jú ọgbà náà. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá dúró wò ó kò tíì rí i. Orí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ sí wò ó. Ibẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí fún òwúrọ̀ mẹ́ta. Ó fi omi wọ́n àwọn òkúta kí àwọ̀ wọn lè yọ. Ìgbà mọ́kànlá ló ya òkúta ńlá ẹ̀gbẹ́ adágún, èyí tí òun àti bàbá Nobuhiko fi okùn wọ́ wọlé.

Lọ́sẹ̀ kejì, Kuramochi oníṣòwò òkúta dé pẹ̀lú fọ́tò wọ̀nyẹn, ó ti kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ìgbà náà ni Yasukichi tó gbọ́ pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ọgbà máa dà.

Kuramochi yìn ín. Ó ní fọ́tò rẹ̀ ti bá òun ta gbogbo òkúta yòókù. Òkúta ńlá ẹ̀gbẹ́ adágún yìí nìkan ló kù, nítorí ìdí rẹ̀ kò hàn, iye rẹ̀ kò sì ṣeé mọ̀.

“Bàbá, báwo ló ṣe wọlẹ̀ tó?” ó bi Yasukichi.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló wà nínú ilẹ̀. Yasukichi rò pé bí kò bá níye lórí, wọ́n á fi í sílẹ̀ síbi tó wà.

“Kò wọlẹ̀ rárá. Pẹlẹbẹ lásán ni.”

Kuramochi yíjú sí Nobuhiko. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n fi dí kòtò adágún.”

Nobuhiko ní kò burú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sọ òòlù kalẹ̀ látinú ọkọ̀.

“Irọ́ ni mo pa,” Yasukichi wí. “Ó wọlẹ̀ gan-an. Ẹ lọ gbé ẹ̀rọ agbẹ́rù wá.”

“Àgbà ń purọ́ nítorí òkúta,” ni Kuramochi wí. “Tó bá wá jẹ́ wúrà ńkọ́?”

Yasukichi fúnra rẹ̀ ló fi ẹní koríko wé òkúta náà kí ẹ̀wọ̀n má bàa họ ọ́ lára. Nígbà tí ọkọ̀ gbé e lọ tán, Nobuhiko na kámẹ́rà sí i, ó ní kó bá òun ya ihò náà, kí àwọn tó máa dí i lè mọ bó ṣe tóbi tó.

Yasukichi yà á. Ó kọ̀ láti kúnlẹ̀. Ìdúró ló ti yà á.