Kọ̀ǹpútà Tó Ń Jí, Tó Ń Kú

Bí kọ̀ǹpútà bá kú pátápátá, ó yé èèyàn. Èyí tó ń jí, tó tún ń kú, ni mi ò lè fara dà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí, tèmi á kùn, lẹ́tà funfun á yọ lójú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà, pà! Gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn.

Yàrá iwájú ilé wa ní Ìwáyà ni mo ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láyí, àbúrò mi, jókòó tì mí. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì wà nínú kọ̀ǹpútà náà, a ò sì tíì tẹ ojú ewé kan jáde. Dísìkẹ́ẹ̀tì tí a dà á kọ sí ti bu funfun, kò ṣeé lò mọ́. Bí kò bá fi iṣẹ́ náà lé olùkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ìyanṣẹ́lódì sì ti jẹ nínú ọdún rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ṣèlérí fún ìyá wa, kó tó kú, pé Láyí á jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n lọ bẹ olùkọ́ náà," ni Láyí wí.

"Bẹ ta ni? Jókòó síbẹ̀!"

Mo pààrọ̀ wáyà. Mo tú àpótí rẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú rẹ̀ dànù, mo tẹ gbogbo ohun tó yẹ kó jókòó dáadáa. Mo yá sitẹbiláísà, ẹ̀rọ tó ń ṣàtúnṣe iná, lọ́wọ́ Ṣùbòmí, tó ní irú ṣọ́ọ̀bù mi ní òdìkejì títì. Iná ò sí lọ́dọ̀ tirẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, mi ò bá ti gbé kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ sì jẹ́ ti olówó nígbà yẹn. Mo tan kọ̀ǹpútà. Ó jí, ó kà, ó kú.

Inú bí mi débi pé mo gbójú sókè kí n má baà gbá a létí. Ibẹ̀ ni mo ti rí gílóòbù. Ó pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Lẹ́yìn ògiri, fírísà Ìyá Saidat, tí a jọ ń gbé ilé, ń gbọ̀n, gbùùù.

Hà!

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Bí iná bá ti dé báyìí, ariwo á ta, oníkálukú á sáré tan gbogbo ohun tó ní, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn yóò mú un lọ. Áyọ́ọ̀nù, ìdáná oníná, fáànù, fírísà. Èmi náà kì í gbẹ́yìn. Láti ìgbà tí òjò sì ti ba àwọn wáyà yòókù jẹ́, ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé so mọ́. Kọ̀ǹpútà mi ò ṣàìsàn rárá. Ebi iná ló ń pa á.

Mo bọ́ síta. Yẹ̀kínnì télọ̀ ló wà ní yàrá kejì, ó ń lọ aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ áyọ́ọ̀nù yẹn."

"Kíkẹ́, ṣé orí ẹ pé ṣá? Iná tí a ò rí láti ìjẹta?"

Mo ní bí kò bá yọ ọ́, màá jókòó lé tábìlì rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó mọ̀ pé mo lè ṣe é. Ó yọ ọ́. Báyìí ni mo ṣe wọ yàrá dé yàrá. Mo bẹ àwọn kan, mo jágbe mọ́ àwọn kan.

Ó wá ku Ìyá Saidat, tó ń ta ẹja inú yìnyín. A ti jà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nítorí omi ẹja tó ń ṣàn wá sẹ́nu ọ̀nà mi, a ò sì tíì kí ara wa láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa fírísà. Iṣẹ́ àṣekágbá Láyí ni mo fẹ́ tẹ̀ jáde. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ tàn án padà."

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà." Ojú ẹ̀gàn ló fi wò mí. "Ẹja yìí ti ń yọ omi láti àná. Ṣé o fẹ́ kó rà mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

"Rárá o, mà. Ṣùgbọ́n mi ò ní dìde."

Ó wo Láyí tó dúró lẹ́yìn mi. "Ṣé òun ni wọn ò ní jẹ́ kó jáde?"

"Òun ni, mà."

Ó pòṣé. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn fírísà, ó fa pulọ́ọ̀gì yọ. "Dìde. Yára!"

Gílóòbù ti funfun báláú nígbà tí mo padà wọlé. Mo tan kọ̀ǹpútà. Ó kùn, ó kà, ó kà, èmi náà ń bá a kà á, ó sì kà á tán. Láyí fò sókè. Kò pẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, ojú ewé ń tẹ̀ lé ojú ewé. Ìgbà kan, iná gílóòbù lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ohùn Ìyá Saidat ni mo gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ta ló tan fáànù? Pa á! Ṣé ooru lo fẹ́ sọ pé ó máa pa ẹ́?"

Ojú ewé tó kẹ́yìn jáde. Láyí gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ra, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì forí lé yunifásítì. Mo sáré sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìyá Saidat, ó ti parí! Ẹ tan fírísà!"

Ó ki pulọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́. Fírísà gbọ̀n, gbù, ó sì dákẹ́. Wọ́n ti mú iná lọ.

Gbogbo ilé kérora. Ojú tì mí, mi ò mọ ibi tí n bá wò. Ìyá Saidat ṣí fírísà, ó fi ìka tẹ ẹja kan, ìka náà wọlé. Ó kọjú sí mi.

"Ṣé ọmọ yẹn á bá wọn níbẹ̀?"

"Á bá wọn, mà."

"Ó dáa. Lọ ṣa igi wá. Yíyan la máa yan wọ́n."

Ẹ̀yìnkùlé ni Láyí ti bá wa ní ìrọ̀lẹ́. Èéfín ti sọ ojú mi di dúdú, mo sì ń yí ẹja lórí ààrò.

"Wọ́n gbà á," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbà á!"

Kí n tó lanu, Ìyá Saidat ti mú èyí tó tóbi jù nínú ẹja náà, ó fi bébà wé e, ó nà án sí i.

"Jẹ ẹ́ ní gbígbóná," ó ní. "Nítorí rẹ ló ṣe dé orí iná."