Ojú Téèpù àti Búláòsì Tirẹ̀

Nítorí pé ó lè wo obìnrin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì mọ ìwọ̀n àyà rẹ̀, Ojú Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pe aránṣọ náà. Àmọ́ ojú kì í rí ara rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti tú apá òsì búláòsì tirẹ̀, tó fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tó sì ń bú téèpù ọwọ́ rẹ̀ pé ó ti gbó, pé ó ti kọ́ irọ́ í pa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò lé àwọn oníbàárà lọ sílé wọn, ó mú téèpù tuntun kan, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì níbi tí wọ́n ti ń dán aṣọ wò, ó bọ́ aṣọ, ó wọn ara rẹ̀. Ohun tí téèpù àtijọ́ sọ náà ni tuntun sọ. Téèpù kò purọ́; ọmú òsì rẹ̀ ló ti tóbi sí i.

Ó kọjú sí dígí gígùn náà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọmú ọ̀tún bá ọwọ́ gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti òsì kò gòkè tán. Ibì kan nísàlẹ̀ rẹ̀ kó wọnú, bí aṣọ tí òwú fà pọ̀. Ó ti rí i lára aṣọ rí. Kò rí i lára ènìyàn rí.

Ó fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn orí, ó to ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti abíyá, ó ń yí wọn kiri díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tó bá ń wá abẹ́rẹ́ tó já sínú aṣọ tó nípọn. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n rí i. Ìka rẹ̀ dúró. Kókó kan wà níbẹ̀: ó le, ó tó bọ́tìnì kóòtù, kò sì dùn ún rárá. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún wá a, ó tún bá a níbẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ, ó fa òbìrìkìtì funfun yí i ká.

Ìyá rẹ̀ ló sọ sí i lọ́kàn: ìyá tó fi ìborùn bo kókó àyà rẹ̀ fún odidi ọdún kan, tó ń sọ pé òtútù ló ń mú òun, títí ó fi kọjá ìwòsàn.

"Ojú Téèpù!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, tó ń lọ aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. "Ṣé o ti sùn síbẹ̀ ni? Àbí o rí ẹni tó rẹwà jù mí lọ nínú dígí?"

"Mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó mú búláòsì náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú apá òsì rẹ̀. Abẹ ṣìnà kúrò lórí òwú, ó gé aṣọ.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ṣé apá kan ṣoṣo lo fi ń sanra ni?"

Ẹ̀gbọ́n wo ibi tí abẹ ti gé aṣọ, ó pa iná áyọ́ọ̀nù.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan. Òtútù ló ń mú mi."

Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohùn ìyá wọn lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà gbọ́ ọ.

"Má ṣe èyí fún mi o," ni ẹ̀gbọ́n wí, jẹ́jẹ́. "Ìyá sọ bẹ́ẹ̀, mo gbà á gbọ́. Mi ò ní gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Dìde."

"Mo bá kókó kan lọ́mú òsì mi. Tí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ ni ńkọ́?"

"Kì í ṣe gbogbo kókó ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ká tètè mọ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó ń ba èmi náà. Gbé báàgì rẹ."

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì rí òbìrìkìtì funfun náà. "Ta ló fa èyí?"

"Èmi ni. Kó má baà sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Aránṣọ ni mí."

Nọ́ọ̀sì fi ìka lé àárín òbìrìkìtì náà gẹ́lẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì lọ pe dókítà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wá ti àbúrò kàn lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ tí áyọ́ọ̀nù máa ń mú gbóná látàárọ̀ dalẹ́, tó wá tutù bí omi.