Ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ Ilẹ̀

Ó ti pẹ́ tí Sornam ti kó ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú àpótí. Ìdílé oníjó tẹ́ńpìlì ni wọ́n bí i sí ní Kumbakonam, ní ilẹ̀ Íńdíà, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ níjó. Ṣùgbọ́n ayé ò ṣeé tẹ́ lọ́rùn: àwọn tó ń na ọrùn wòran ijó náà lánàá ló ń pe oníjó ní aṣẹ́wó lónìí.

Ẹgbẹ́ Tiosófì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá ìmọ̀ Ọlọ́run, ló gbà á. Níbẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n ń di ojú, tí wọ́n ń wá Ọlọ́run nínú ara wọn. Ó mọ̀ ọ́n débi pé Ọ̀gbẹ́ni Vaithilingam, tíṣà àgbà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ní kí ó wá máa kọ́ àwọn obìnrin. Ó kàn kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ mẹ́nu ba ijó. Bí àwọn ìyàwó lọ́yà bá gbọ́, wọn ò ní padà wá, ìkọ́ni náà á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń wàásù pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo ènìyàn mà nìyẹn o. Sornam gbà ṣá, nítorí kò sí ohun tó tún wù ú láyé bí ìkọ́ni yìí.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ wọn, ó wọ sárì funfun, kò fi òdòdó sí irun bí oníjó. Yàrá kún. Bó ti dé iwájú, kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ojú. Bẹ́ẹ̀ ni oníjó ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀ tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá. Ohun tó bá ti mọ́ni lára láti kékeré kì í dúró gba àṣẹ.

Ìyá Alamelu, ìyàwó lọ́yà àgbà, rí i. Ojú rẹ̀ le koko.

“Ọmọ yìí, ta ló kọ́ ọ ní ìkíni yẹn?”

Irọ́ ti dé ètè Sornam. Ó wo Ọ̀gbẹ́ni Vaithilingam, ìyẹn ń nu awò ojú tí kò dọ̀tí.

“Ìyá ìyá mi ni, Màmá. Oníjó ni wọ́n. Oníjó lèmi náà.”

“Mo kúkú fura sí ìrìn yẹn. A ní ká wá wá Ọlọ́run, oníjó tẹ́ńpìlì ni wọ́n wá fi ṣe tíṣà wa.”

Ó dìde, àwọn mìíràn sì ń dìde tẹ̀lé e. Ó ti mú bàtà rẹ̀ kan lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Sornam tún sọ̀rọ̀.

“Ó dàbọ̀, Màmá. Àmọ́ ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ yẹn, ṣé ẹ ti bẹ̀ ẹ́ rí? Láti ìgbà tí ẹ ti ń rìn ló ti ń gbé yín. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín lónìí ò ju ìyẹn lọ.”

Ìyá Alamelu ju bàtà sílẹ̀, ó padà wọlé, ó ń kùn pé òun kàn fẹ́ dán an wò ni, kí ẹnikẹ́ni má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ojú. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ kò lè dìde mọ́, orúnkún ti kọ̀.

Sornam na ọwọ́ sí i, ó tún yára fà á sẹ́yìn. Irú àwọn ìyá báyìí kì í jẹ́ kí irú òun tó jẹ́ oníjó fọwọ́ kan wọn.

Ìyá Alamelu wo ọwọ́ náà.

“Kí lo ń wò? Ṣé ibí ni kí n sùn ni? Fà mí dìde, tíṣà.”